Èsì: Ibo gan-an ni Ogun Àgbáyé Kejì ti yí padà?

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ṣé ọjọ́ tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn alájọṣe wọn gúnlẹ̀ sí Normandy, etíkun ilẹ̀ Faransé, 6 Oṣù Kẹfà 1944, ni ogun yíwọ́ fún Jámánì. Rárá o, ó ti yíwọ́ tipẹ́. Stalingrad ni kí ẹ wò, ìlú kan ní Rọ́ṣíà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì ń jà láti gbà.

Ní 19 Oṣù Kọkànlá 1942, àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà kò wulẹ̀ kọjú sí àárín ìlú. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni wọ́n gbà yọ, níbi tí àwọn ará Romania, tí wọ́n ń bá Jámánì jà, ti ń ṣọ́nà, tí ìbọn wọn kò lè dá ọkọ̀ ogun onírin dúró. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn Rọ́ṣíà ti ká ọmọ ogun Jámánì àti alájọṣe wọn tó lé ní 200,000 mọ́. Göring, olórí ọmọ ogun òfúrufú Jámánì, ṣèlérí pé bàálù yóò máa gbé oúnjẹ wọlé. Èyí tó ń dé kò tó nǹkan rárá. Ẹṣin tó ń fa ẹrù wọn ni wọ́n pa jẹ nínú òtútù yẹn, ó mà ṣe o! Nígbà tó fi máa di 2 Oṣù Kejì 1943, nǹkan bí 91,000 péré ló kù tí wọ́n mú lóǹdè.

Ìjà ojú omi tí Amẹ́ríkà àti Japan jà ní Midway ní 1942 náà le, ṣùgbọ́n Japan nìyẹn kàn. Ní ti Jámánì, lẹ́yìn ìjà Kursk ní Rọ́ṣíà ní 1943, ẹ̀yìn ni wọ́n ń fà títí dé Berlin.