Ìwé Méjì, Ogun Kan, Ẹnu Wọn Kò Kò

ÌBÉÈRÈ: Bàbá oníwèé, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ìgbà tí èmi àti ọkọ mi ti fẹ̀yìn tì la ti ń gbé inú kárávàànù, ilé kékeré orí táyà tí ọkọ̀ ń fà. Bí òjò bá ti sé wa mọ́lé, ọkọ mi a máa tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe, èmi a sì máa ka ìwé ìrántí àwọn tó jagun. Mo ti ka mọ́kànlá láàárín oṣù méjì. Méjì nínú àwọn òǹkọ̀wé náà jọ wà lójú ìjà kan ṣoṣo, àmọ́ ọ̀kan ní ìdájí ni ọ̀tá kọlù wọ́n, èkejì ní oòrùn ti kan àtàrí. Ta ni kí n gbà gbọ́? Ọkọ mi ní ìwé ogun ló ń mú mi dákẹ́ jù. Àwọn ìwé náà sì ti ń bu lẹ́yìn. Kí ni kí n ṣe?
Ìyá tó ń kàwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé

ÌDÁHÙN: Ìyá mi, ẹ ṣeun. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á pé Bàbá ń tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe. Èmi gan-an nìyẹn. Ọdún mẹ́fà ni èmi àti ìyàwó mi fi gbé irú ilé bẹ́ẹ̀, kò sì níye ìgbà tí mo tú ẹ̀rọ omi tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa palẹ̀, kìkì nítorí pé òjò kò jẹ́ kí n jáde.

Ẹ jẹ́ kí n mú ti ìwé tó ń bu kúrò nílẹ̀ ná. Ẹ má dá òjò lẹ́bi, èémí yín ló ń ṣe é. Èèyàn méjì tó sùn nínú yàrá tó há, tí wọ́n ti gbogbo ilẹ̀kùn, omi inú èémí wọn àti ooru orí ìkòkò yóò lọ bà sórí ohun tó bá tutù jù lọ, ìyẹn ògiri tó kọjú sí ìta. Ẹ fa ìwé kúrò lára ògiri, kí àlàfo ìka méjì wà lẹ́yìn wọn, kí ẹ sì máa ṣí ihò òrùlé díẹ̀ bí òtútù tilẹ̀ ń mú. Bó bá jẹ́ gáàsì lẹ fi ń mú ilé gbóná, ihò náà kò gbọdọ̀ padé rárá, nítorí èéfín kan wà nínú rẹ̀ tí kò rùn, tí ojú kò rí, tó ń pa èèyàn lójú oorun. Ó ku ẹyọ kan: ìwé wúwo, ẹ má kó o sí apá ẹ̀yìn nínú ilé. Mo ṣe é rí. Mo ti páálí ìwé mẹ́rin bọ abẹ́ ibùsùn tó wà lẹ́yìn pátápátá. Bí a ṣe gba ọ̀nà tó tẹ́jú tí mo fi kún eré, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í jù sọ́tùn-ún, jù sósì bí ìrù ajá, ó fẹ́ẹ̀ gbé ọkọ̀ tó ń fà á lọ. Ìyàwó mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀, lókè táyà gan-an, ni kí ẹrù tó wúwo máa wà.

Ó wá kan ti ìdájí àti ọ̀sán. Ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì má parọ́. Ẹni tó wà níwájú ti gbọ́ ìró ìbọn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹrù lẹ́yìn, ọ̀sán ni ogun tó bá a níbẹ̀.

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni ọdún tí wọ́n tẹ ìwé jáde. Mo máa ń fi pẹ́ńsù kọ ọdún ogun sókè, ọdún ìwé sísàlẹ̀, mo sì máa ń yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Winston Churchill, tó ṣe olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lásìkò ogun, kọ ìdìpọ̀ mẹ́fà lórí Ogun Àgbáyé Kejì, àkọ́kọ́ jáde ní 1948. Ẹ lè kà á dé òpin láì mọ̀ pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń tú àṣírí ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Jámánì ń fi ẹ̀rọ Enigma dì. Ó mọ̀ o. Wọ́n ti fi ìbúra pa á mọ́ ni. Ó di 1974 kí ìwé tó tú u síta fáyé lédè Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, bí ọ̀gágun kan bá kọ̀wé ní 1950 pé ọkàn òun ló sọ ibi tí ọ̀tá máa gbà fún òun, ẹ má yára gbà á gbọ́: ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n tú yẹn ló sọ ọ́ fún un.

Ìwé tó pẹ́ kó tó jáde náà ní àléébù tirẹ̀, ìgbàgbé. Bẹ́ẹ̀ àlàfo ọdún kì í fi gbogbo ìgbà ba ìwé jẹ́. Isaac Fadoyebo wà nínú ọmọ ogun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Burma, ilẹ̀ Éṣíà tí wọ́n ń pè ní Myanmar báyìí. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, lẹ́bàá odò Kaladan, àwọn ọmọ ogun Japan kọlù wọ́n. Ìbọn bà á lẹ́sẹ̀, ó bà á níkùn. Òun àti David Kargbo, ará Sierra Leone, ló kù nínú igbó lẹ́yìn ọ̀tá, àwọn ará abúlé ló ń bọ́ wọn, ọ̀kan nínú wọn sì fi wọ́n pamọ́ sílé rẹ̀, títí oṣù Kejìlá. Oṣù mẹ́sàn-án. Ọdún 1999 ni ìwé rẹ̀ jáde, ọdún 55 lẹ́yìn náà, èmi sì gbà á gbọ́ ju ti ọ̀pọ̀ ọ̀gágun lọ. Ọ̀gágun ń wo máàpù. Ẹni tó dùbúlẹ̀ tí kò lè dìde, ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ̀ ló ń rí, kò sì mọ̀ bóyá oúnjẹ ló gbé dání tàbí ìbọn. Ta ló máa gbàgbé ìyẹn láéláé?

Ibẹ̀ ni mo máa ń gba òǹkọ̀wé gbọ́: níbi tó ti ń sọ bàtà tó ń já, egbò ẹsẹ̀, omi tó mu, ẹni tó fún un. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ọ̀tá tí àwọn pa, mo máa ń ṣí ewé lọ ní tèmi.

Mọ́kànlá láàárín oṣù méjì, Ìyá mi, eré lẹ ń sá yẹn. Bí ẹ bá parí èyí tó korò, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ mélòó kan kọjá kí ẹ tó ṣí òmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sì má bínú sí Bàbá. Kò bá ìwé jà. Ẹ̀yin wà ní Burma, òun nìkan ló kù tó ń gbọ́ òjò. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń tún nǹkan ṣe nínú ìwé náà, kí ẹ kà á sókè. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní aṣálẹ̀ Àríwá Áfíríkà máa ń gé agolo petirólù, wọ́n á da yanrìn sí i, wọ́n á wọ́n petirólù lé yanrìn, wọ́n á ṣáná sí i, wọ́n á sì gbé omi tíì kaná. Mo ka ìyẹn sókè lọ́jọ́ kan. Ìyàwó mi, tí kì í fẹ́ gbọ́ ogun sétí, ní kí n tún un kà, ó bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe gé agolo náà, ó sì gba ìwé lọ́wọ́ mi láti wò ó fúnra rẹ̀. Ọjọ́ kejì ló tó dá a padà.

Kí Bàbá má dán ti agolo yẹn wò nínú ilé o.