Púlọ́ọ̀gì àlòkù tó ń fi ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń jò hàn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí ọkọ̀ kò bá lágbára mọ́, orí ẹ́ńjìnnì ni ọ̀gá mi máa ń ní ká tú. Ǹjẹ́ irinṣẹ́ kan wà tí mo lè fọwọ́ ara mi ṣe, kí n fi mọ ibi tí kọ́ńpúrẹ́ṣọ̀n (afẹ́fẹ́ tí písítìn ń fún pọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì) ń gbà jáde ká tó tú u?
Ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ó wà, ó sì yẹ kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ní in. Ẹ wá púlọ́ọ̀gì àlòkù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti ọkọ̀ náà mu. Oní-mílímítà 14 ló wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo gígùn rẹ̀ pẹ̀lú: èyí tó bá gùn jù lè kan písítìn. Ẹ dè é mọ́ fáìsì, ẹ fi ayùn irin gé etí irin tó ká mọ́ tánganran yípo, kí ẹ wá gbá tánganran náà láti ìsàlẹ̀ títí yóò fi yọ. Ẹ bo ojú o. Èérún rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Ẹ gé irin kékeré tó tẹ̀ bo ẹnu rẹ̀ náà kúrò.

Ẹ mú fáàfù onírin ti táyà, ẹ yọ abẹ́rẹ́ inú rẹ̀, ẹ bó rọ́bà ara rẹ̀, kí wẹ́dà fi bíràsì jó o mọ́ púlọ́ọ̀gì. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ láé: ooru á rọ̀ ọ́, afẹ́fẹ́ á sì ta fáàfù náà síni lójú.

Ẹ ṣí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, ẹ tan án kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ pa á, kí ẹ yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì. Ẹ fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì láti orí nọ́ọ̀tì pọ́lì (kẹ̀kẹ́ tí bẹ́lítì ká mọ́) títí písítìn sílíńdà (ihò tí písítìn ń rìn nínú rẹ̀) tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò yóò fi dé òkè pátápátá, tí rọ́kà méjèèjì rẹ̀ (irin tó ń tẹ fáàfù ṣí) á máa mì díẹ̀. Ẹ yọ sípánà kúrò lórí nọ́ọ̀tì pọ́lì kí afẹ́fẹ́ tó wọlé! Bí písítìn bá yẹ̀ díẹ̀, afẹ́fẹ́ á yí ẹ́ńjìnnì, sípánà yẹn á sì ṣẹ́ èèyàn lápá. Ẹ yí irinṣẹ́ náà wọ ihò púlọ́ọ̀gì sílíńdà yẹn, ẹ fi rọ́bà fọkanáísà fún un ní afẹ́fẹ́ géèjì 30, kí ẹ wá gbé e dé 80.

Ẹ tẹ́tí. Bí ó bá ń hó ní sàléńsà, fáàfù èéfín ni. Ní kàbúrétọ̀, fáàfù tó ń gba epo wọlé ni. Kí ẹ tó bá fáàfù wí, ẹ yẹ àlàfo rọ́kà wò, torí fáàfù tí wọ́n fún jù kì í pa dé. Bí omi rédíétọ̀ bá ń yọ ìfóòfó, gáskẹ́ẹ̀tì ti jó, tàbí kí orí ẹ́ńjìnnì ti sán. Bí ó bá ń hó ní ibi tí a ti ń da ọ́ìlì, ríìngì písítìn ni, àmọ́ kò sí ẹ́ńjìnnì tí kì í jò díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ fi sílíńdà kan wé èkejì kí ẹ tó dájọ́.

Irinṣẹ́ yìí náà la fi ń pààrọ̀ síìlì fáàfù láìtú orí ẹ́ńjìnnì: níwọ̀n ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá ṣì wà nínú sílíńdà, fáàfù ò ní jábọ́ sínú rẹ̀ bí ẹ bá yọ sípíríǹgì.