Wọ́n Ní Ẹ̀mí Ọ̀tẹ̀ Ń Bá Mi Jà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí, Èbúté Mẹ́ta ni ilé wa. Ní oṣù Kẹsàn-án ni mo wọ ọdún kìíní ní yunifásítì kan tó jẹ́ ti ìjọ Kristẹni. Bàbá mi, tí í ṣe alàgbà nínú ìjọ wa, ti san owó kó tó bi mí bóyá mo fẹ́ lọ. Irun dàda ni mo ń ṣe láti ìgbà tí mo ti parí ìdánwò WAEC, ṣùgbọ́n nítorí pé òfin ilé ìwé náà kò gbà á, mo lọ bá onígbàjámọ̀ kan ní Òyìngbò, mo ní kó gé e kúrò pátápátá. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Nígbà tí mo débẹ̀, màtírọ́ọ̀nù wo orí mi, ó ní kí ló dé tí mo gé irun bí ọkùnrin. Nínú ẹ̀kọ́ Bíbélì tó jẹ́ dandan fún gbogbo jámbáìtì, mo béèrè pé bí a bá ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé Júdásì yóò fi Jésù hàn, kí wá ni ẹ̀ṣẹ̀ Júdásì gan-an? Olùkọ́ ní ẹ̀mí ọ̀tẹ̀ ló ń bá mi jà. Láti ọjọ́ náà ni àwọn tí a jọ ń gbé yàrá ti ń gbààwẹ̀ nítorí mi. Lóru ọjọ́ kan, mo jí nítorí pé nǹkan tútù ń ṣàn bọ̀ sí etí mi. Àfi bí mo ṣe rí ẹni tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì òkè, tó dúró tì mí, tó ń da òróró sí mi lórí, tó sì ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́. N kò kọ Ọlọ́run sílẹ̀ o, mà. Mo kàn máa ń ro nǹkan lọ́nà tèmi ni. Ìsinmi ni mo wà báyìí, oṣù Kìíní la ó wọlé. Ṣé kí n máa díbọ́n ni kí n lè ní àlàáfíà, àbí kí n sọ fún bàbá mi pé n kò lọ mọ́?
Ọmọ Èbúté Mẹ́ta

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, mo kí ọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ, mo sì rí i pé inú àpò kan náà ni o da ohun méjì tí kò jọra sí. Òfin ilé ìwé ni ọ̀kan, àṣejù àwọn tí ẹ jọ ń gbé ni èkejì. Òfin irun, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, o sì mọ̀ nípa rẹ̀ kí o tó débẹ̀, ìdí nìyẹn tí o fi lọ sí Òyìngbò. Ó dùn ọ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bá ọ lójijì. Òróró tí wọ́n dà sí ọ lórí nínú òkùnkùn ńkọ́? Ojú ìwé wo ni ìyẹn wà? Lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, orí kì í ṣe ibi tí ẹnikẹ́ni kàn ń nawọ́ sí bó ṣe wù ú, àgbà tó bá sì fẹ́ gbàdúrà sí ọ lórí yóò kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ, ìwọ yóò dáhùn, wàá kúnlẹ̀. Ẹni tó dúró tì ọ́ nígbà tí o ń sùn kò dúró gba ìdáhùn.

Nítorí náà, ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní. Má ṣe é ní òru, má sì ṣe é lójú àwọn yòókù. Pe ọmọbìnrin náà sí ẹ̀yìn họ́sítẹ̀lì lọ́sàn-án, kí o sọ fún un pé o mọ̀ pé ìfẹ́ ló fi ṣe é, pé bó bá tún fẹ́ gbàdúrà fún ọ, kó jí ọ, kó sì bi ọ́. Bí o bá ní rárá, rárá náà ni. Ojú yóò ti ọ̀pọ̀ wọn nígbà tí a bá sọ ọ́ báyìí, nítorí pé jámbáìtì ni àwọn náà, ẹ̀rù ilé ìwé ń ba àwọn náà, wọ́n sì ń wá ẹni tí wọn yóò fi hàn pé ẹ̀mí àwọn ti ga. Bó bá tún ṣe é, kọ lẹ́tà sí màtírọ́ọ̀nù, kí o kọ ọjọ́ àti àkókò sí i, kí o sì fi ẹ̀dà kan pamọ́ sọ́wọ́ ara rẹ.

Màtírọ́ọ̀nù yẹn kan náà kẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi kò tíì ka ìyẹn sí ọ̀tá rẹ. Ó bi ọ́ ní ìbéèrè, o kò sì sọ nínú lẹ́tà rẹ pé o dá a lóhùn. Kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá wọlé, kí o sọ pé, “Irun dàda ló wà lórí mi tẹ́lẹ̀, mà, nítorí òfin yín ni mo ṣe gé e.” Ó lè jẹ́ pé ọ̀tẹ̀ ni obìnrin náà rò pé òun ń wò, kó má mọ̀ pé ìgbọràn ni.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti sọ fún ọ pé òfin Nàìjíríà wà lẹ́yìn rẹ, kí o kọ̀ láti lọ sí ìsìn, kí o wo ohun tí wọn yóò ṣe. Má tíì gbé ẹsẹ̀. Lóòótọ́, Ìwé Òfin ọdún 1999, ní abala 38, fún gbogbo ènìyàn ní òmìnira ìrònú, ti ẹ̀rí ọkàn àti ti ẹ̀sìn, ó sì sọ pé a kò gbọdọ̀ fi dandan mú akẹ́kọ̀ọ́ wá sí ìsìn ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí èyí tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n abala kan náà ló tún sọ pé a kò gbọdọ̀ dí ìjọ kankan lọ́wọ́ láti kọ́ àwọn ọmọ ìjọ náà ní ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ní ilé ìwé tí ìjọ náà nìkan ń bójú tó. Ìwọ tí o jẹ́ Kristẹni, ọmọ alàgbà, tí bàbá rẹ fi owó ara rẹ̀ rán lọ, abala yẹn kò lè gbè ọ́ tó bí wọ́n ṣe ń fọ́nnu rẹ̀. Ti ọmọ Mùsùlùmí tó bá wà láàárín yín yàtọ̀, n ó fi ìyẹn sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ díbọ́ndíbọ́n. Má ṣe é. Kì í ṣe pé mo mọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ ni mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀ o. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, a ṣe ìsọjí kan tí gbogbo ìlà wa ṣubú lulẹ̀ nígbà tí oníwàásù nawọ́ sí wa. Ó ku èmi nìkan lóòró, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, ni èmi náà bá ṣubú. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì yẹn tutù. Mo di ojú, mo ń dọ́gbọ́n gbọ́ bóyá ẹlòmíràn ti ń dìde kí n lè tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi mí ṣe olórí ẹgbẹ́ aládùúrà, odidi ọdún kan àti ààbọ̀ ni mo sì fi darí àdúrà tí n kò lè gbà ní kọ̀rọ̀ yàrá mi. Ohun tí ó gba okun jù lọ nínú ìgbésí ayé mi ní ilé ìwé nìyẹn, ó ju ìdánwò lọ.

Ṣùgbọ́n kí ó yé ọ dáadáa: dídákẹ́ kì í ṣe dídíbọ́n. Ohun tí ilé ìwé ń béèrè ni pé kí o wà ní ìjókòó, pé kí síkẹ́ẹ̀tì rẹ kọjá orúnkún, pé kí o padà sí họ́sítẹ̀lì kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. Ṣe é, kò ná ọ ní ohun púpọ̀. Bí wọ́n bá dìde kọrin, dìde. Bí orin náà bá dùn mọ́ ọ, kọ ọ́. Ìgbà tí wọ́n bá ní kí o jáde wá jẹ́rìí pé Olúwa ti yọ ẹ̀mí ọ̀tẹ̀ kúrò lára rẹ, tí o sì mọ̀ pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni yọ, jókòó sí àyè rẹ. Ẹnikẹ́ni kò lè kọ ìyẹn sínú ìwé ẹ̀ṣẹ̀ fún ọ.

Bí o bá sì rò pé ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò fẹ́ jẹ́ Kristẹni lọ́nà tirẹ̀ ní Èkó yìí, sọdá afárá Carter lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó, kí o béèrè ìtàn lọ́wọ́ àwọn àgbà ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ọmọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Iléṣà ní ọdún 1860, David Brown Vincent ni wọ́n sọ ọ́, iṣẹ́ CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Ní ọdún 1888, ó wà lára àwọn tó kúrò lábẹ́ àwọn míṣọ́nnárì Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá Native Baptist Church sílẹ̀ ní Èkó. Ní ọdún 1894, ó jọ̀wọ́ orúkọ òyìnbó náà, ó di Mọ́jọlá Agbébí, ó sì bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀, aṣọ Yorùbá ló kù tó ń wọ̀. Àwọn kan bínú sí i. Ṣùgbọ́n wò ó, gbangba ló ti ṣe é, pẹ̀lú àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn bá tirẹ̀ mu, ó sì ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kó tó yí orúkọ padà. Àyè ṣì wà fún ọ.

Ìbéèrè Júdásì yẹn, èmi kò rí ọ̀tẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣí Ìhìn Rere Mátíù, orí 26, ẹsẹ 24: nínú ẹsẹ kan ṣoṣo, Jésù sọ pé bí a ti kọ ọ́ ni Ọmọ ènìyàn ń lọ, ó sì tún sọ pé ègbé ni fún ẹni tó fi í hàn. Méjèèjì ló wà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Láti ìgbà Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Algeria lónìí, tó kú ní ọdún 430, ni àwọn ọ̀mọ̀wé ìjọ ti ń fa ọ̀rọ̀ ohun tí Ọlọ́run ti pinnu àti ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ibi tí o ti béèrè ni kò dára, lójú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ, lọ́dọ̀ olùkọ́ tó ṣeé ṣe kó má ní èsì lọ́wọ́. Lọ bá a ní ọ́fíìsì, mú Bíbélì dání, ka ẹsẹ náà sí i létí, kí o ní kó ràn ọ́ lọ́wọ́. Bó bá tún pè ọ́ ní ọlọ́tẹ̀, wá olùkọ́ mìíràn ní ẹ̀ka náà. Nínú ilé ìwé tó tóbi tó yẹn, ẹnìkan yóò wà tí ìbéèrè yẹn ti gba oorun lójú rẹ̀ rí. Ibẹ̀ náà ni o ti máa rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ, nítorí pé ọmọ tó bá ń ro nǹkan kì í sábà jìnnà sí ọ́fíìsì irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀.

Bàbá rẹ ńkọ́? Má fi ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ bẹ̀rẹ̀ sí i, alàgbà ni, ìwàásù ni yóò fi dá ọ lóhùn. Rántí pé ọdún 2022 kò tíì jìnnà, oṣù mẹ́jọ ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba, fi da iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ jókòó sílé káàkiri Yábà àti Múṣin. Ọ̀pọ̀ òbí tí ń san owó ńlá fún ilé ìwé ìjọ, ìyẹn ni wọ́n ń sá fún. Ọ̀rọ̀ òróró ni kí o sọ fún un, bó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́, láìfi iyọ̀ sí i. N kò mọ bàbá kan ní Èbúté Mẹ́ta tí inú rẹ̀ yóò dùn pé ẹnìkan ń dúró ti ọmọbìnrin òun lóru.

Má fi ilé ìwé sílẹ̀ láàárín ọdún, owó yóò ṣòfò, ọdún náà yóò sì ṣòfò. Parí ọdún kìíní, kí èsì rẹ dára. Bí ó bá ṣì wù ọ́ láti kúrò nígbà náà, ètò ìṣípòpadà wà lọ́dọ̀ JAMB, o sì lè wọ ọdún kejì ní ibòmíràn bí ilé ìwé tó fẹ́ gbà ọ́ bá tẹ́wọ́ gba èsì rẹ. Akoka, níbi tí Yunifásítì Èkó wà, kò jìnnà sí ilé yín. Títí di ìgbà náà, jẹ́ kí irun rẹ wà ní gígé bó ṣe wà. Bí ọmọ orí bẹ́ẹ̀dì òkè yẹn bá sì dá ọ lóhùn, kọ̀wé sí mi padà, mo fẹ́ mọ ohun tó sọ.