Àdá bá Bàbá lójúgun: ṣé kí a fi oyin sí i?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Àdá bá bàbá mi lójúgun níbi tí wọ́n ti ń fọ́ kòkó lóko wa ní Ìdànrè, ó di ọjọ́ mẹ́ta lónìí. Kò jìn púpọ̀, ó kàn gùn tó ìka ọwọ́ ni. Ewé Akíntọ́lá ni wọ́n rún sí i tí ẹ̀jẹ̀ fi dá. Màmá ti wá ra oyin ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, wọ́n ní òun ló máa jẹ́ kó tètè jinná. Ṣé kí a fi sí i?

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí Bàbá kú ewu. Ẹ má bá Màmá jiyàn o, torí oyin ń wo ọgbẹ́ lóòótọ́. Omi inú rẹ̀ kì í sábà tó ìdá 20 nínú 100, ìyẹn ló fi máa ń fa omi ara kòkòrò àrùn gbẹ. Ó tún kan díẹ̀, ọ̀pọ̀ kòkòrò ò sì lè gbé níbi tó bá kan. Èyí tó wù mí jù ni pé bí omi ojú ọgbẹ́ bá ti pò mọ́ ọn, ohun kan tí kòkòrò oyin ti pò sínú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á máa tú háídrójìn péróksáìdì jáde díẹ̀díẹ̀. Oògùn tó máa ń hó lójú ọgbẹ́ nìyẹn, àmọ́ ti oyin rọra jù ú lọ.

Ewé Akíntọ́lá náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ọwọ́ tó rún un ló ń kọ mí lóminú. Ọwọ́ tó di àdá mú, tó kó kòkó nílẹ̀, òun náà ló fún omi ewé sójú ọgbẹ́. Mo ti ṣí ọgbẹ́ kan rí tí oyin bò, tó ń dán lókè. Èérún ewé ṣì lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, ó ti dúdú, ọyún sì ń sun lábẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fọ ọwọ́ yín, kí ẹ fi omi tí ẹ sè tó ti tutù ṣan ojú ọgbẹ́ náà dáadáa títí èérún kankan ò fi ní sí níbẹ̀ mọ́.

Oyin kò lè dènà tẹ́tánọ́ọ̀sì. Inú erùpẹ̀ ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àgbọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gan. Bí ó bá ti lé lọ́dún 5 tí Bàbá ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀, tàbí tí wọn ò rántí ìgbà tí wọ́n gbà á, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lónìí. Ẹ má dúró dọ̀la.

Oyin ìgò Màmá ńkọ́? Kó wà nílé ìdáná, àwa ló máa jẹ ẹ́. Èyí tí wọ́n ń lò fún ọgbẹ́ nílé ìwòsàn, ìtànṣán ni wọ́n fi pa kòkòrò àrùn tó bá wà nínú rẹ̀. Ti ọjà ò rí bẹ́ẹ̀, a ò sì mọ̀ bóyá wọ́n ti fi ṣúgà lú u tàbí wọ́n ti gbé e kaná. Ìṣáná tí àwọn kan fi ń dán an wò ò lè sọ ìyẹn. Bí ẹ bá rí oyin tí wọ́n dìídì ṣe fún ọgbẹ́ ní ilé oògùn, ẹ rà á, àfi bí oyin kì í bá bá ara Bàbá mu. Bí ẹ ò bá rí i, faselíìnì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí àti gọ́ọ̀sì mímọ́ ti tó, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́.

Bí Bàbá bá ní àtọ̀gbẹ, ẹ má dá ọgbẹ́ ẹsẹ̀ wọn tọ́jú nílé rárá. Bákan náà ni bí ẹsẹ̀ bá ń wú, tó ń gbóná, tó ń rùn, tàbí tí ẹnu ọgbẹ́ bá là sílẹ̀: dókítà ni kó rí i. Tí wọ́n bá ti gba abẹ́rẹ́ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi.