Èsì: Mo gbàdúrà títí, ìbínú ò lọ

Ẹ kú ìrọ́jú. Pé inú ṣì ń bí yín sí ẹ̀gbọ́n yín lẹ́yìn àdúrà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Jésù náà bínú, ó wà nínú Máàkù 3:5.

Ẹ yé bẹ Ọlọ́run pé kó ṣáà mú ìbínú náà kúrò. Ẹ ro ẹjọ́ yín fún un bó ṣe dùn yín tó, bíi Sáàmù 13. Sáàmù 88 tilẹ̀ parí sínú òkùnkùn, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó yọ ọ́ kúrò nínú Bíbélì!

Tí ọkàn yín bá rọ̀ díẹ̀, ẹ lọ bá ẹ̀gbọ́n yín, ẹ̀yin méjèèjì nìkan, gẹ́gẹ́ bí Mátíù 18:15 ṣe wí. Ẹ má tíì pe ẹbí.

Ìyẹn tí kò bá ń lù yín o. Tó bá ń lù yín, ẹ kọ́kọ́ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ná.