Ṣé Ìwé Ilé Bàbá Mi Tó Láti Fi Ṣí Ilé Oúnjẹ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín. Bàbá wa fi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan sílẹ̀ fún wa ní Sùúrùlérè, mo sì fẹ́ sọ ọ́ di ilé oúnjẹ: kí àwọn oníbàárà máa jẹun nísàlẹ̀, kí ilé ìdáná wà lókè. Bíríkìlà tí mo pè ní kí a wó ògiri méjì nísàlẹ̀ kí ibẹ̀ lè fẹ̀. Ó tún ní níwọ̀n ìgbà tí ilé ti ní ìwé, n kò nílò àṣẹ mìíràn. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìdáwọ́lé, arábìnrin wa. Kì í ṣe òótọ́, mo sì bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òòlù kan ògiri náà báyìí. Ìwé tí bàbá gbà nígbà tí wọ́n ń kọ́lé, ilé gbígbé ni ó wà fún. Ẹni tí yóò bá sọ ilé gbígbé di ilé òwò ní Ìpínlẹ̀ Èkó gbọ́dọ̀ tún gba àṣẹ ìyípadà lọ́wọ́ LASPPPA, iléeṣẹ́ ìjọba tí ó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó nílò ìwé ilẹ̀, ìwé owó orí, àti àwòrán ilé bí yóò ṣe rí, èyí tí ayàwòrán-ilé ti lu òǹtẹ̀, tí ẹnjiníà tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ COREN, àjọ tí ó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, náà sì ti lu òǹtẹ̀. LASBCA, iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tí ó ń mójú tó iṣẹ́ ìkọ́lé, ni yóò wá máa bẹ iṣẹ́ náà wò.

Ọ̀rọ̀ ògiri yẹn ni ó ká mi lára jù. Ògiri kan wà tí ó kàn pín yàrá sí méjì, òmíràn sì wà tí ó jẹ́ pé òun gan-an ni ó ru àjà, pàápàá nínú ilé àtijọ́ tí kò ní òpó tàbí bíìmù tó. Ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Ẹnjiníà ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò, tí yóò sì ní kí wọ́n yẹ agbára kọnkéré wò láìfọ́ ọ, iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ àyẹ̀wò ohun èlò ìkọ́lé ti ìjọba Èkó máa ń ṣe.

Ilé ìdáná lókè ńkọ́? Nǹkan bíi kílógíráàmù 150 ènìyàn àti ẹrù lórí ibi tí ó jẹ́ mítà kan níbùú lóròó ni a máa ń ṣírò àjà ilé gbígbé fún. Ti ilé ìdáná ńlá a máa tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Tánkì onílítà 1,000 nìkan, bí ó bá kún, tọ́ọ̀nù kan ni omi inú rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wó ní Ìta Fàájì ní Erékùṣù Èkó, ọ̀pọ̀ ọmọdé sì kú síbẹ̀. Ilé gbígbé ni ìjọba sọ pé ó wà lákọsílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń lo òkè rẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́. Ní tèmi, ìsàlẹ̀, lẹ́yìnkùlé, ni kí ẹ fi ilé ìdáná sí.

Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà bí ó bá jò, ilẹ̀ ni ó máa ń rọ̀ sí, a sì kó jọ sínú gọ́tà títí iná yóò fi bá a níbẹ̀. Ìta gbangba ni kí sílíńdà wà, níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, tí ó jìnnà sí gọ́tà. Kí ilẹ̀kùn àbájáde jẹ́ méjì, kí wọ́n sì máa ṣí síta. Àwọn panápaná yóò béèrè rẹ̀. Ẹ tún ní kí wọ́n kọ́ kòtò kékeré tí yóò gba epo kúrò nínú omi ìfọkòkò kí ó tó dé ṣọ́ọ̀kàwéè, nítorí epo a máa dì sínú páìpù.

Bí ẹnjiníà bá sọ pé ilé náà kò lè gbé e, ẹ fi í sílẹ̀ fún gbígbé, kí ẹ wá ilé mìíràn rẹ́ǹtì fún òwò yín.