Ẹ béèrè iná kí ẹ tó béèrè orílẹ̀-èdè: ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ ra ilé ìkẹ́rùsí ní Yúróòpù

Arákùnrin mi, mo ka ìbéèrè yín. Ẹ ní ẹ̀yin àti àwọn ọ̀rẹ́ yín ní Manchester ti kó owó jọ, pé alágbàtà kan ń gbà yín níyànjú láti fi ra ilé ìkẹ́rùsí kékeré ní Nẹ́dálándì tàbí ní Pólándì, àti pé ẹ fẹ́ mọ ibi tí owó àwọn olókòwò àgbáyé ń wọ́ lọ nínú iṣẹ́ ìkẹ́rù ní Yúróòpù kí ẹ lè tẹ̀ lé e. Ibi tí owó ńlá ń lọ kò ṣòro láti mọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí owó ńlá bá ti ṣáájú yín dé ni ààyè ti máa ń tètè tán, ààyè tí mo sì ń wí kì í ṣe ti ilẹ̀ nìkan. Ti iná mànàmáná ni.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ti owó ńlá náà. GIC, ilé iṣẹ́ ìdókòwò ìjọba Singapọ̀, ra P3, tó ni àwọn ilé ìkẹ́rùsí ní Yúróòpù, ní ọdún 2016 ní bílíọ̀nù 2.4 yúrò. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, China Investment Corporation ti ìjọba Ṣáínà san bílíọ̀nù 12.25 yúrò fún Blackstone, ilé iṣẹ́ ìdókòwò ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti ra Logicor, tí òun náà ní ilé ìkẹ́rùsí ní Yúróòpù. COSCO, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ti ilẹ̀ Ṣáínà, gba ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún ilé iṣẹ́ tó ń ṣàkóso èbúté Piraeus ní Gíríìsì ní 2016, ó sì sọ ọ́ di 67 ní 2021. Nígbà tó yá, àwọn ìjọba là ojú wọn: òfin EU tó ń yẹ owó òkèèrè wò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Oṣù Kẹwàá 2020, nígbà tí COSCO kan náà sì fẹ́ ra ìpín nínú Tollerort, ibùdó ìjákẹ́rù ní èbúté Hamburg, Jámánì kò jẹ́ kí ìpín rẹ̀ kọjá ìdá 24.99. Lẹ́yìn náà ni èlé gòkè. Títí wọ Oṣù Keje 2022, èlé tí báńkì àpapọ̀ Yúróòpù ń san lórí owó tí àwọn báńkì fi pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀ òdo. Ní Oṣù Kẹsàn-án 2023 ó ti di 4 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹni tó fẹ́ yáwó ra ilé sì ní láti tún ìṣirò rẹ̀ ṣe. Lójú tèmi, ìdí nìyẹn tí àwọn alágbàtà fi rántí àwa olówó kéékèèké.

Ní ti Nẹ́dálándì, ìjáde Ìlú Ọba kúrò nínú ọjà EU ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021 ló sún ọ̀pọ̀ wa débẹ̀. Ẹrù tó ń sọdá Dover láìsí ẹni tó bi í léèrè wá di ẹrù òkèèrè tó ń gba ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Èmi àti àwọn alájọṣepọ̀ mi ń kó ẹja dídì àti oúnjẹ ilẹ̀ wa fún àwọn ṣọ́ọ̀bù ní Antwerp, Brussels àti Cologne, nítorí náà a wá ilé kan yá lẹ́bàá Tilburg.

Ilé náà wuyì. Alágbàtà mú wa yí i ká, ó fi ilẹ̀ kọnkéré tó tẹ́jú hàn wá, ó ṣí àwọn ilẹ̀kùn tí tírélà ń fẹ̀yìn wọ̀, ó sì ń yin bí ó ṣe súnmọ́ èbúté Rotterdam. Nígbà tí a béèrè iná, ó nawọ́ sí àpótí mítà lára ògiri, ó ní iná ti wà. Iná wà lóòótọ́. Ohun tí kò sọ ni pé bébà àti páálí ni ẹni tó lo ilé náà ṣáájú wa ń kó síbẹ̀, pé gílóòbù àti fọ́kílíìfù nìkan ló ń fi iná náà ṣe, àti pé 3×80 ámpíà ni ìwọ̀n tó ń wọlé. Ìwọ̀n yẹn ni òpin oníbàárà kékeré ní Nẹ́dálándì, bẹ́ẹ̀ kóòdù-rúùmù ẹja kì í ṣe oníbàárà kékeré. A tan ẹ̀rọ amúǹkantutù àkọ́kọ́, ó ń ṣiṣẹ́. Bí ìkejì ti ń dìde ni iná gbogbo ilé bọ́ sílẹ̀, tí a dúró sínú òkùnkùn pẹ̀lú páléètì ẹja tí tírélà ṣẹ̀ṣẹ̀ já kalẹ̀.

A kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ni wáyà àdúgbò náà. Ìdáhùn wọn kò ju ojú ewé kan lọ: ààyè ti kún, wọ́n ti fi orúkọ wa sórí ìlà, wọn kò sì lè dá ọjọ́. Èyí tó dùn mí jù ni pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àṣírí. Ní Oṣù Kẹfà 2022, TenneT, tó ni àwọn wáyà ńláńlá, ti kéde ní gbangba pé kò sí ààyè mọ́ fún àwọn oníbàárà ńlá tuntun ní Noord-Brabant àti Limburg. Àwọn ẹkùn yìí gan-an ni Tilburg àti Venlo wà, níbi tí àwọn ilé ìkẹ́rùsí ti pọ̀ rẹpẹtẹ. Ẹ̀yìn ìkéde yẹn ni a fọwọ́ sí àdéhùn, síbẹ̀ olùdámọ̀ràn tí a sanwó fún, tó fi àwòrán aláràbarà ṣàlàyé fún wa pé ẹnu ọ̀nà Yúróòpù ni Nẹ́dálándì, kò mẹ́nu bà á rárá. Ìwé owó iṣẹ́ tirẹ̀ kò pẹ́ kó tó dé.

Bí ẹni tó sá fún NEPA l'Ékòó ṣe di ẹni tó ń wá jẹnẹrétọ̀ háyà ní Nẹ́dálándì nìyẹn. A gbé e sẹ́yìn ilé, ó ń hó tọ̀sán-tòru, owó díísù sì jẹ èrè ẹja tán. Kò pẹ́ ni òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ dé: aládùúgbò ti fẹjọ́ ariwo sùn, òun alára sì fẹ́ rí ìṣirò naitirójìn tó ń jáde nínú èéfín rẹ̀. Láti Oṣù Karùn-ún 2019 tí Raad van State, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún ọ̀rọ̀ ìṣàkóso ìjọba ní Nẹ́dálándì, ti fagi lé ètò tí ìjọba fi ń yọ̀ǹda naitirójìn, ọwọ́ wọn le gan-an lórí irú èyí, ilé kíkọ́ pàápàá ń tì mọ́ ọn. Mo bi í pé ta ni kí n wá bá kí n lè rí iná tí kì í rú èéfín lò. Ó ní ẹ̀ka tòun kọ́. A wá ń háyà ààyè nínú kóòdù-rúùmù ẹlòmíràn, à ń sanwó lórí páléètì kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni owó ilé tiwa ń lọ títí àyè àtijáde nínú àdéhùn fi ṣí.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó kankan, ẹ ní kí wọ́n fi àdéhùn iná ilé náà hàn yín, kì í ṣe mítà. Ẹ wo orúkọ tó wà níbẹ̀, ẹ wo iye kílówáàtì tí wọ́n fọwọ́ sí, ẹ sì bi ilé iṣẹ́ iná fúnra rẹ̀ léèrè, ní kíkọ sílẹ̀, bóyá ẹni tuntun lè jogún rẹ̀. Kí lọ́yà yín kọ ọ́ sínú àdéhùn pé bí iná náà kò bá dé, ẹ lè jáde láìsan ìtanràn. Bí ayálégbé yín bá ń tọ́jú bàtà, ó lè má fi bẹ́ẹ̀ kàn yín, àmọ́ ayálégbé òní lè lọ, ẹni tó ń bọ̀ sì lè fẹ́ gba iná fún ọkọ̀ akẹ́rù oníbátìrì.

Dídá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ṣíṣí àkáùntì àti gbígba nọ́ḿbà VAT kò le. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kó ẹrù wọ Nẹ́dálándì láìsan VAT lẹ́nu ibodè, tí ilé iṣẹ́ yín kò sì fìdí múlẹ̀ níbẹ̀, ẹ ó nílò aṣojú owó orí, òun náà á sì ní kí ẹ fi owó ìdúró sílẹ̀. Bí ẹ bá sì ra ilé dípò kí ẹ yá a, ẹ fi owó orí ìyípadà onílé kún un: láti 2023, ó ti di ìdá 10.4 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ilé tí kì í ṣe ilé gbígbé.

Pólándì tí ẹ béèrè ńkọ́? Òótọ́ ni pé owó ń lọ síbẹ̀, ìdí rẹ̀ sì yé mi: Amazon ṣí ilé ìkẹ́rùsí sí ẹ̀bá Poznań àti Wrocław ní 2014, ṣùgbọ́n ọdún 2021 ló tó ṣí ìsọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ará Pólándì fúnra wọn. Àwọn ará Jámánì ni wọ́n ń di ẹrù fún láti ibẹ̀. Ẹni tó bá ra ilé níbẹ̀, ọrọ̀ ajé Jámánì ló dì mú, kí ẹ máa wo ibẹ̀ náà. Ìkejì ni pé lẹ́yìn ìjáde Ìlú Ọba, ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì nìkan ti di àlejò níbẹ̀, òfin wọn ti ọdún 1920 sì ní kí irú àlejò bẹ́ẹ̀ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé kó tó lè ra ilẹ̀. Dídá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Warsaw kò yọ yín nínú rẹ̀ bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń darí rẹ̀. Ẹ bi alágbàtà yín nípa ìyọ̀ǹda yìí. Bí kò bá gbọ́ nípa rẹ̀ rí, ẹ má san kọ́bọ̀ fún un.